Orí Tó Ń Gbóná: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ilé-Ìwé

Ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kejì ni tíṣà kíláàsì kan ní SS2 mú ọmọkùnrin kan wọ ọ́fíìsì mi. Apá ọmọ náà ló gbá mú bí ìgbà tí wọ́n mú olè. "Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, Mà. Oorun ni ṣáá. Látìgbà tá a ti wọlé, kò sí ọjọ́ tí mi ò nà án, kò gbọ́."

Ojú ọmọ náà pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n lọ̀ ọ́ débi pé ìlà apá rẹ̀ dúró gbọn-in. Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní, "Orí mi ń gbóná, Mà. Ó ń ṣe bíi pé kòkòrò ń rìn nínú ẹ̀. Tí mo bá kàwé, kò wọlé."

Mo fún un ní paracetamol méjì. Mo ní kó lọ mu omi dáadáa, kó sì yé pẹ́ nídìí fóònù lóru. Ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí n tó tún fojú kàn án. Nítorí ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo gbọ́ orí, mo tọ́jú orí. Mi ò béèrè ohun tó gbé orí náà kaná.

Òun, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo ti yí orúkọ padà. Wálé ni màá pè é, Dàpọ̀ ni màá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Abẹ́òkúta ni a wà. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé.

Iṣẹ́ tí èmi ń ṣe yìí, ọdún 1959 ló bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde sọ́nà nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe láyé. Títí dòní, ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà mọ̀ mọ́ wa náà nìyẹn: kí olùdámọ̀ràn sọ ẹni tó máa ṣe Sáyẹ́ǹsì àti ẹni tó máa ṣe Áàtì. Ní ilé-ìwé tiwa, èmi nìkan ni mo wà fún ọmọ tó lé ní 900. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Wálé wá, fọ́ọ̀mù ìdánwò ló kún orí tábìlì mi. Mi ò fi èyí gbèjà ara mi o. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ kan ṣe lè máa rì lójú gbogbo wa, ó yẹ kó mọ bí tábìlì náà ṣe rí.

Ẹ̀yìn ìwé máàtì

Tíṣà máàtì ló rí i. Ó ń máàkì ìwé lọ́wọ́, ó ṣèèṣì ṣí ẹ̀yìn ìwé Wálé, ó bá gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ọmọ náà fi bírò kọ léraléra, lẹ́tà rẹ̀ kéékèèké bí ẹsẹ̀ èèrà, láti òkè ojú ìwé títí dé ìsàlẹ̀: Ó wù mí kí n sùn kí n má jí mọ́.

Tíṣà yìí kò pe ọmọ síta, kò kà á fún kíláàsì. Ó fi ìwé náà sábẹ́ abíyá, ó gbé e wá bá mi lásìkò bíréèkì. "Mà, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú èyí o. Àmọ́ mi ò lè dá ìwé yìí padà fún un kí n kàn máa wò." Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

Mo ránṣẹ́ pe Wálé. Mo gbé àga mi kúrò lẹ́yìn tábìlì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n tó bi í ní nǹkan kan, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí fún un: ohun tó bá sọ, ọ̀dọ̀ mi ló wà, àyàfi ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, mi ò ní lè dá a gbé mọ́ra, màá sọ fún òbí rẹ̀, òun ni màá sì kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ó mi orí. Mo wá bi í ní tààràtà: "Wálé, ṣé ó máa ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o pa ara ẹ?"

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí. Wọ́n ní téèyàn bá bi ọmọ bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìbéèrè náà kì í gbin èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jẹ́ kára tu ẹni tó ti ń dá a rò. Ohun tí mo rí lójú Wálé nìyẹn. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú, Mà. Oorun ni mo fẹ́ sùn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí mo bá sùn tí mi ò jí, kò burú."

Mo bi í bóyá ó ti ronú ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ó ní rárá. Mo bi í nípa oorun rẹ̀, ó ní nǹkan bíi wákàtí méjì ni lóru, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kó gbé òun lọ. Mo ní kí ló dé? Kò dáhùn.

Orí tó ń gbóná, kòkòrò tó ń rìn, ìwé tí kò wọlé: ìlú wa yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fáyé kà. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà níbí, ní ìparí àwọn ọdún 1950, gbọ́ irú ẹjọ́ yìí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léraléra, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ìṣègùn lọ́dún 1960. Brain fag lorúkọ tó fún un, ìyẹn ọpọlọ tó ti rẹ̀. Àwọn oníṣègùn tó tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ìsoríkọ́ tàbí ìpayà ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tiwa kì í wọlé wá sọ pé ìsoríkọ́ ń ṣe òun. Ara ni yóò fi sọ ọ́: orí ń gbóná, àyà ń já, ara wúwo, inú ń ru. Mo mọ èyí látọjọ́ tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo tilẹ̀ fi gba máàkì nínú ìdánwò. Síbẹ̀ paracetamol ni mo fún un.

Ìtòkú

Nínú fọ́ọ̀mù tí Wálé kọ nígbà tó wọ SS1, ó kọ ọ́ pé ọmọ mẹ́ta ni àwọn. Nígbà tí mo bi í lọ́jọ́ náà pé ibo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, ó ní, "Ó rìnrìn àjò." Mo pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ọjà kò jẹ́ kóun lè kúrò. Mo gbéra, mo lọ bá a ní Ìtòkú níbi tó ti ń ta àdìrẹ.

Ó gbé àpótí fún mi, ó ra omi tútù fún mi, ó ń kí mi bí ẹni ń kí àna. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Wálé. A ò tíì wọ inú ọ̀rọ̀ rárá nígbà tí ìyá àgbà kan dé, ó jọ pé oníbàárà àtijọ́ tó ti pẹ́ kó tó wá ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látòkèèrè: "Ìyá Dàpọ̀! Ìyá Dàpọ̀ mi!"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ tó ń ká. Ẹni tó ń ta òwú ní ọwọ́ òsì dákẹ́. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún dákẹ́. Ìyá àgbà náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà níbẹ̀. Ìyá Wálé kò sunkún. Ó parí aṣọ tó ń ká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó tẹ́ ẹ, ó tún tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà ti tẹ́ tipẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún 19 ni Dàpọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Fòníkú-fọ̀la-dìde ló ń bá a jà láti kékeré. Ó wálé fún ọdún Kérésì, ọyẹ́ mú gan-an, àìsàn náà gbé e dìde lóru, ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ní ilé-ìwòsàn. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìyá àti bàbá kò tẹ̀ lé e débi tí wọ́n sin ín sí. Àbúrò bàbá ló lọ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n ti sọ fọ́tò rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Orúkọ tí wọ́n ti fi ń pe obìnrin yìí fún ọdún 19 di èèwọ̀, wọ́n wá fi ti àbúrò rọ́pò rẹ̀. Bàbá pe Wálé sí yàrá, ó sọ fún un pé, "Ìwọ ni Dáwódù báyìí. Iṣẹ́ dókítà tí ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ ṣe, ìwọ lo máa ṣe é." Ọmọ ọdún 15.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú àṣà wa. Àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá tó bá rí ilẹ̀ tí wọ́n fi bo ọmọ rẹ̀, ó lè má padà wálé tán. Òbí ni àṣà náà ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò ní àbúrò lọ́kàn. Wálé àti Dàpọ̀ ni wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan láti ìgbà tí Wálé ti já lẹ́nu ọmú. Ó jí lọ́jọ́ kan, ibùsùn kejì ti ṣófo, kò sì sí ẹni tó gbà á láyè láti bi wọ́n pé ẹni tó ń sùn síbẹ̀ dà.

Ìyá náà ti ń wá ìwòsàn fún un kí n tó dé. Ó mú un lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é, wọ́n fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje àti ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ tí kò rí oorun sùn nílé, wọ́n tún ní kó má sùn ní ilé Ọlọ́run. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, àmọ́ mi ò fi hàn, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí obìnrin yìí yan èmi tàbí wòlíì, wòlíì ló máa yàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ síbẹ̀. Wòlíì náà gbọ́ mi yé. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa gbàdúrà fún un, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jẹun." Ó ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ó gbà. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọmọ náà kì í sùn.

Ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ náà le ju ti wòlíì lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé-ìwé ní ká lé e lọ sílé títí ara rẹ̀ á fi yá, kí ó má bàa ṣe ohun tí yóò kó bá wa. Ẹlòmíràn ní ká pe ọlọ́pàá. Òótọ́ ni pé Òfin Ìwà Ọ̀daràn wa, abala 327, ṣì ka ìgbìyànjú láti para ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin yẹn ló ń di ẹnu ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n Wálé kò gbìyànjú ohunkóhun. Ó kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìwé ni. Mo sọ fún wọn pé bí a bá lé e sílé, inú yàrá tí ibùsùn rẹ̀ kan ṣófo la lé e lọ yẹn. Pírínsípà fara mọ́ èmi. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní na án mọ́, pé ẹ̀kọ́ àfikún ọ̀sán kò kàn án fún ìgbà díẹ̀, pé tí orí bá ń gbóná, kó kàn dìde wá bá mi láìtọrọ àyè.

Àrò

Bàbá Wálé, bíríkìlà ni. Ó wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú símẹ́ńtì ní bàtà. Nígbà tí mo dárúkọ ilé-ìwòsàn Àrò, ó dìde. "Mádáàmù, ọmọ mi ò ya wèrè."

Ẹni tí kò gbé Abẹ́òkúta kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Níbí, tí ọmọdé bá ń ja ìjà, "wọ́n á gbé ẹ lọ Àrò" ni èébú tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Mi ò bá a jiyàn. Mo sọ ìtàn Lambo fún un.

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Nígbà tó dé láti ìlú ọba tó gba ipò ní Àrò lọ́dún 1954, kò fi ògiri sé aláìsàn mọ́. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, àwọn aláìsàn ń gbé láàárín wọn, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọ́, wọ́n ń padà sílé. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ẹbí aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá, àbúrò, ìyàwó, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ó tún gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta yìí kan náà láti jíròrò. Lẹ́yìn náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá Wálé gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiẹ̀ ló ti sọ ọ́ ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn pé a kì í wo ẹni kan sàn ká fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ó bi mi pé, "Ṣé wọn ò ní dá a dúró síbẹ̀?" Mo ní wọn ò ní í, wọ́n á rí i, á sì padà wálé lọ́jọ́ náà. Mo tún sọ fún un pé òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní asínwín ti kúrò nílẹ̀; Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, ó sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Mi ò rò pé òfin ló yí i lọ́kàn padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ "ẹbí gbọ́dọ̀ bá a wá" ni. Ó ní, "Ó dáa, àmọ́ èmi náà ń bọ̀."

Kí wọ́n tó lọ, mo ti bá ìyá rẹ̀ ṣe ètò kékeré kan sílé: gbogbo oògùn àti kẹ́míkà tó wà nílé, kí wọ́n kó o sínú àpótí kí wọ́n tì í; kí Wálé má dá sùn; kí nọ́ńbà mi àti ti àbúrò bàbá rẹ̀ wà lórí ìwé lára ògiri, kó pe ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "Mà, mo ṣì jí."

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn

Wọ́n bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, gbọ́ tẹnu gbogbo wa. Lẹ́yìn náà, kàkà kó kọjú sí ọmọ, bàbá ló kọjú sí. "Bàbá, oorun tiyín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun.

Wálé ló wá sọ̀rọ̀. Bóyá torí pé ó rí i tí wọ́n bi ẹlòmíràn ni, mi ò mọ̀. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ náà, Dàpọ̀ jí òun, ó ní itan ń dun òun. Òun gbé omi kaná, òun fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, òun fi róòbù pa á. Òun fẹ́ lọ jí bàbá wọn, Dàpọ̀ ní, "Má jí wọn, owó ọkọ̀ mi ni wọ́n ń wá látàárọ̀. Á lọ." Òun jókòó tì í. Òun ń wò ó. Oorun gbé òun lọ. Ìgbà tí òun máa lajú, ilẹ̀ ti ń mọ́, Dàpọ̀ kò lè dá a lóhùn mọ́.

"Èmi ni mo sùn," ló wí. Ìyẹn náà ni ìdáhùn ìbéèrè tí mo bi í lọ́jọ́ ìwé máàtì.

Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ìyá rẹ̀ ti gbé orí sórí èjìká rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ìkérora ẹ̀ lóru yẹn látinú yàrá mi. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná." Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi yọjú wò wá. Oṣù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti ń gbé ẹrù kan náà kiri nínú ilé kan, ìkíní kò mọ̀ nípa ìkejì, nítorí pé orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò ṣeé pè.

Ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn náà, mo fẹ́ràn rẹ̀, torí kò parọ́ fún wọn. Kò sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tiẹ̀ tètè gbé e lọ, kò ní yí nǹkan kan padà. Ó ní nínú àìsàn yẹn, àwọn kan máa ń dé ilé-ìwòsàn lásìkò, wọ́n á sì lọ. Àwọn kan á sì yè. Pé kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí ti Dàpọ̀ ì bá jẹ́. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ọmọ ọdún 15 gbé omi kaná, ó tẹ itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jókòó tì í títí agara fi dá a. Ó tún yà síbi ẹ̀jẹ̀. Ìyá náà ti ń gbé tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní òun ló fi ẹ̀jẹ̀ òun pa ọmọ. Dókítà ṣàlàyé pé AS ni bàbá, AS ni ìyá, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS, èyí tó ń fa fòníkú-fọ̀la-dìde, pé kò sí ẹni tó yàn án.

Lẹ́yìn náà

Orúkọ tí wọ́n fún ohun tó ń ṣe Wálé ni ìsoríkọ́, èyí tí ọ̀fọ̀ fà. Wọn ò fún un lóògùn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí á ṣe máa sùn padà díẹ̀díẹ̀: aago kan náà lálẹ́, aago kan náà láàárọ̀, kó má gbé ìwé sórí ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí wọ́n rí i pé kò tíì jẹun dáadáa, wọ́n fi oògùn ìsoríkọ́ tó ń jẹ́ fluoxetine kún un, ìwọ̀n kékeré. Wọ́n kìlọ̀ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ọ lójú méjèèjì láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí nígbà mìíràn oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí èrò ikú pọ̀ sí i lọ́kàn ọ̀dọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo rí ìdílé tí kò sí ẹni tó sọ èyí fún rí. Wọ́n fi ìpayà ju oògùn nù lọ́jọ́ kẹfà.

Wálé ní òun fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n òun wà. Òbí rẹ̀ kò lè lọ, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n lọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló mú un lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó sọ fún mi pé koríko ti hù níbẹ̀, òun sì fà á tu. Lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó dé láti ilé-ìwé, ó bá fọ́tò Dàpọ̀ lórí ibùsùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Kò so ó mọ́ ògiri pálọ̀, kò tíì lè ṣe ìyẹn, àmọ́ ó gbé e fún un.

Ìwé Kẹ́mísìrì tí Wálé ń lò, ti Dàpọ̀ ni. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n fi wé e. Nígbà tó mú un wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, mo ṣí i, mo rí i pé ẹnìkan ti fi bírò rẹ́ orúkọ tó wà nínú rẹ̀ títí ìwé fi ya. Wálé ní ìyá òun ló rẹ́ ẹ. Ní ìsàlẹ̀ ibi tó ya yẹn, òun fúnra rẹ̀ ti tún un kọ, orúkọ méjèèjì lórí ìlà kan.

Kò rọgbọ láti ibẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò sáà kẹta, ó dìde kúrò nínú Físíìsì lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kò sì ṣe Báyọ́lọ́jì rárá. Ipò kẹta ló wà tẹ́lẹ̀ nínú ọmọ 62. Sáà yẹn, ó wà ní ipò 31. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, kò bínú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ dókítà. Wálé sọ fún mi pé òun kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ tàbí òun kò fẹ́ ẹ, pé òun kò tíì rí àyè ronú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara òun. A ò tíì yanjú ìyẹn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ. Wọ́n ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ọdún 9. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, mi ò béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oṣù Keje ni ìyá rẹ̀ tó sọ ọ́ bí ẹni sọ ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, pé ó bi òun ní alẹ́ kan bóyá Wálé náà máa "rìnrìn àjò." Dókítà kan náà ló ń rí òun náà báyìí. Nínú fọ́ọ̀mù tí mo ń lò fún ọmọ tí wọ́n bá mú wá, mo ti fi ìlà kan kún un: àwọn wo ló tún wà nílé?

Wálé ti wọ SS3. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá sọ́dọ̀ mi lásìkò bíréèkì, a ti rí ara wa nígbà 23. Orí rẹ̀ ṣì máa ń gbóná tí ọyẹ́ bá mú. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún mi, mo kọjú sí fáìlì kan díẹ̀, nígbà tí mo máa kọjú padà, ó ti sùn lọ. Agogo lù, àwọn ọmọ ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Mo ránṣẹ́ sí tíṣà rẹ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ mi, mo fi aṣọ ìbora kékeré tí mo ní bò ó. Ogójì ìṣẹ́jú ló sùn. Nígbà tó jí, ó wo yí ká, ó wo aago ara ògiri, ó ní, "Mà, ẹ ò jí mi." Mo ní mi ò jí i.